Bàlúù Ayọ̀kúnlé Já

Kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Páílọ́ọ̀tì ní àdúgbò Yàbá nílùú Oǹdó. Ìbídùnní ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, aṣọ ilé-ìwé ló sì ń rán láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Ayọ̀kúnlé, àkọ́bí rẹ̀, ti rí iṣẹ́ ìjọba sí Àkúrẹ́, kò sí ẹni tó pè é ní Ìyá Ayọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa orúkọ tuntun náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gba ìsinmi wálé, ìyá bi í pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un, Ayọ̀kúnlé sì dá a lóhùn pé, "Bàlúù ni mò ń gbé sókè, Màmá."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ta ní ń gbé bàlúù sókè bí kò bá ṣe páílọ́ọ̀tì? Kí ọmọ tó jẹ èbà iwájú rẹ̀ tán, ìyá ti jáde síta, ó ti sọ fún ará ilé ọ̀tún, ó ti sọ fún ará ilé òsì, àwọn yẹn náà kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kí wọ́n tó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Ayọ̀kúnlé kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀. Rọ́bà ni bàlúù tirẹ̀, rọ́bà funfun ńlá kan tí wọ́n máa ń fi gáàsì kún títí tí yóò fi wú tó yàrá kékeré. Wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ọn nídìí, wọ́n á sì so àpótí kékeré kan mọ́ okùn náà. Orúkọ tí òyìnbó ń pe rọ́bà yẹn ni àwa ti gbé fún ọkọ̀ tó ń fò lókè. Nígbà tí rọ́bà fúnra rẹ̀ wá dé, kò bá orúkọ nílé mọ́. Iṣẹ́ Ayọ̀kúnlé ni láti dúró sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́, kí ó máa tú okùn díẹ̀díẹ̀, kí rọ́bà máa gòkè, kí àpótí sì máa wọn afẹ́fẹ́ tó wà lórí ìlú.

Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lè rò pé bí afẹ́fẹ́ ṣe rọra ń fẹ́ sí òun lára náà ló ṣe ń fẹ́ lókè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń ti apá òkè Ìdànrè bọ̀, àfi ìgbà tó bá kan ìlú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò dá a lọ́nà, ooru tó ń ti orí páànù gòkè yóò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí po bí omi odò tó kọlu òkúta. Ojú lásán kò lè rí ìrúkèrúdò yìí. Síbẹ̀ òun ló ń pinnu ilé tí èéfín àwọn ibi ìlagi yóò wọ̀, òun náà ló ń gbọn ọkọ̀ òfuurufú jìgìjìgì nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Ìjọba fẹ́ mọ bó ṣe le tó, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba Ayọ̀kúnlé síṣẹ́ nìyẹn.

"Màmá, rọ́bà mà ni o," ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà kan.

"Mo gbọ́," ni ìyá dá a lóhùn. "Ọkọ̀ wo ni kò ní rọ́bà? Táyà ńkọ́?"

Ó tún gbìyànjú nígbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ẹnu ayé ti ṣáájú tirẹ̀. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti kọjá lójú ọ̀run Oǹdó báyìí, gbogbo ọmọdé Yàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o!" Màmá á sì jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, á gbọ́wọ́ sókè, á máa juwọ́ sí i títí tí yóò fi wọ inú ìkùukùu. Ta ni yóò la ẹnu ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ayọ̀kúnlé pa ẹnu mọ́.

Ọdún 1994 la wà yìí o, ẹni tó bá gbé e já kò ní gbàgbé. Ilé epo ni àwọn dírẹ́bà ń sùn, owó oṣù kì í dé lásìkò, oògùn sì di ọ̀wọ́n gógó. Àárín gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru wá mú Màmá. Dókítà pe Wúrà, àbúrò Ayọ̀kúnlé tó ń gbé pẹ̀lú ìyá, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí oògùn rà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lójijì. Ọkàn wọn kò ní gbà á." Àwọn ọmọ méjèèjì fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Láti ọjọ́ yẹn, bí adìyẹ bá kú nílé pàápàá, Wúrà á kọ́kọ́ sọ pé ara rẹ̀ kò yá.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló wá fẹ́ tú àṣírí. Màmá ti ṣèlérí fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé ọmọ òun yóò wá, yóò dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, yóò sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń wa bàlúù. Nígbà tí Ayọ̀kúnlé gbọ́, oorun dá lójú rẹ̀. Kí ni yóò sọ? Ṣé kí ó dúró níwájú pẹpẹ kí ó máa pa irọ́ ni, àbí kí ó dójú ti ìyá rẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìkórè, wọ́n gbé bàlúù sókè bí ìṣe wọn. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, páànù ilé gbogbo ń gbóná, ó ń dán. Lójijì ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàlúù lọ́tùn-ún lósì, tó ń fà á sókè, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ayọ̀kúnlé ń wé okùn padà tagbára-tagbára nígbà tí ó gbọ́ pàù! Okùn já. Rọ́bà funfun náà gbé àpótí dání, ó gba orí ilé onílé lọ, ó kọrí sí apá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Lawrence, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ká ọwọ́ lérí, ó ń wò ó lọ. "Kò sí òmíràn mọ́ nílé," ó ní. "Àfi ká lọ wá a lọ́la."

Ayọ̀kúnlé mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn dé egungun, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ti rí ohun tí yóò sọ tí kò fi ní lè lọ sí ìkórè.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ dáadáa, ó ti dé gáréèjì ọkọ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ló ti bá Gbémiga, dírẹ́bà tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwọn ní Yàbá, tó ti kó èrò tán, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń hó ràì. Sítátà ọkọ̀ náà ti kú, kò sì sí òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Bí Gbémiga bá ṣèèṣì pa iná rẹ̀ láàárín ọ̀nà, àfi kí èrò sọ̀ kalẹ̀ tì í.

"Gbémiga, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn nílé pé mi ò ní lè wá," ni Ayọ̀kúnlé ké sí i lórí ariwo ẹ́ńjìnnì. "Bàlúù mi já. Ó bọ́ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. A ṣì ń wá a."

"Mo ti gbọ́!" ni Gbémiga wí, ó sì ta bọ́ọ̀sì sọ́nà.

Ẹyin lohùn. Èyí tí Ayọ̀kúnlé jù sínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Òun àti Lawrence wọ ọkọ̀ ọ́fíìsì, wọ́n gba ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n dúró kí wọn.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa," ni Ayọ̀kúnlé wí, ó fi ohùn àwọn ará ibẹ̀ dà á. "Ẹ jọ̀ọ́, bàlúù kan ló já láti Àkúrẹ́ lánàá, ó jọ pé apá ibí ló bọ́ sí. À ń wá a kiri ni."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ èyí tó dàgbà jù nínú wọn. "Yéè! Bàlúù já! Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Mo gbé o! Àwọn ọmọ ọlọ́mọ!" Èkejì ti ká ọwọ́ lérí, omi ti lé ròrò sí i lójú.

Lawrence bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé rọ́bà lásán ni, kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀. Ayọ̀kúnlé náà ń bá a rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ẹ̀rín gan mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún iṣẹ́ tó rán sílé sọ lọ́kàn ara rẹ̀ bí Màmá yóò ṣe gbọ́ ọ. Ọmọ yín kò ní lè wá. Bàlúù rẹ̀ já. Ó bọ́ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Wọ́n ṣì ń wá a. Kò sí irọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń wá? Ṣé rọ́bà ni, àbí ọmọ? Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ méjèèjì, kò sì sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó fẹ́ fi ọkàn balẹ̀. Ó ní Gbémiga ṣáà rí òun láàyè, yóò ṣàlàyé fún wọn. Ìgbà náà ló wá rántí sítátà. Gbémiga kì í dúró jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú fèrèsé ló ti máa ń pariwo ọ̀rọ̀ sí onílé, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, á sì ti kọjá kí onílé tó la ẹnu bi í ní ìbéèrè.

"Kí ló dé?" ni Lawrence bi í.

"Ọ̀gá, mo ti pa ìyá mi."

Ó ṣàlàyé fún un. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ìyá àgbà tí ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dá sí i. "Ẹ dúró ná. Ṣé ohun funfun kan tó rí jọ̀bọ̀tọ̀ ni ẹ̀ ń wá? Orí igi ló há sí lẹ́yìn oko wa lọ́hùn-ún. Àtàná la ti ń sá fún un." Ó mú wọn lọ síbẹ̀. Rọ́bà ti ya, ó rọ̀ sórí ẹ̀ka bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe àpótí. Lọ́jọ́ mìíràn, Ayọ̀kúnlé ì bá jó yí igi náà ká. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ká rọ́bà sínú àpò ni, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá délé lọ́wọ́ òfo, kò sí ẹni tí yóò gba òun gbọ́. Lawrence sì yí ọkọ̀ padà kíá, ó wà á dé gáréèjì, ibi tí epo inú ọkọ̀ lè gbé wọn dé.

Gáréèjì dá páropáro. Epo ti tán ní ìlú, kò sí bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Oǹdó. Ó dúró títí, lọ́rì kan tó kó pákó wá gbé e, ó jókòó sórí ẹrù. Lọ́rì náà ń fà bí arúgbó. Nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀wẹ̀nà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run ṣàdéhùn: bí òun bá bá ìyá òun láàyè, òun yóò dúró níwájú ìjọ, òun yóò fi ẹnu ara òun sọ pé okùn lásán ni òun ń dì mú. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ ti bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló pa á.

Lọ́rì já a sí Bọ́lọ́rundúró, ọ̀kadà kan ló gbé e dé Yàbá nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Láti òkèèrè ló ti rí àwọn bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì níwájú ilé wọn. Èrò kún orí wọn, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Àwọn obìnrin kan fi ọwọ́ lẹ́rán. Ayọ̀kúnlé dúró láàárín ọ̀nà. Ó ní, ó ti bọ́, mo pẹ́ jù.

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí i. "Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀ rèé o!"

Kátíkíìsì ìjọ wọn yíjú padà, ó rí i tó dúró pẹ̀lú eruku lórí, lára, lójú. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni bàbá náà ké. "Àkúdàáyà!"

Ẹ wá wo eré! Bẹ́ńṣì ń dojú dé, bàtà ń fò, ẹni tí gèlè rẹ̀ bọ́ kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Kátíkíìsì tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé orúnkún kì í jẹ́ kí òun gun àtẹ̀gùn pẹpẹ, ẹsẹ̀ kan ló fi fo gọ́tà. Wúrà nìkan ni kò sá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Màmá ńkọ́?" ni Ayọ̀kúnlé bi í. "Wúrà, Màmá ńkọ́?"

Wúrà na ọwọ́ sínú ilé.

Màmá jókòó sórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó so ìborùn mọ́ ìdí, ojú rẹ̀ gbẹ. Àwọn ìyá ìjọ méjì ló ń ṣọ́ ọ. "Wọ́n ní kí n máa sunkún," ó ń sọ, kò tí ì gbójú sókè. "Mo ní èmi kì í sunkún ọmọ tí n kò tí ì rí. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mò ń lọ. Ọkọ̀ ni ẹ kò bá mi wá."

"Màmá," ni Ayọ̀kúnlé wí.

Ó gbójú sókè. Àwọn ìyá ìjọ méjèèjì ti gba ojú fèrèsé jáde, kò mọ̀. Ó dìde, ó rìn bá a, ó di etí rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó tẹ èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá aṣọ gba ọmọ lára. Ara náà gbóná. Ó fọ́ ọ létí kan, gbòà! Ìgbà yẹn ló tó dì mọ́ ọn, ni omi ojú bá dà wìrì. Ayọ̀kúnlé náà ń sunkún. Etí ń ta á, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó etí náà láyé. Ìyá rẹ̀ kò kú. Ara rẹ̀ wá tutù pẹ̀sẹ̀, gbogbo ẹ̀rù àtàárọ̀ sì bọ́ sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé àkúdàáyà kì í gba ìfọ́tí, wọ́n ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n há sójú ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

"Báwo lo ṣe jáde nínú bàlúù náà?" ni Màmá bi í.

Ó tú àpò, ó fa rọ́bà jáde. "Bàlúù náà rèé, Màmá."

Màmá gbà á. Ó nà án, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n gé ní ìgékúgèé. "Ibo lo máa ń jókòó sí nínú èyí?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Ayọ̀kúnlé mọ̀ pé ó tó, ẹ̀jẹ́ tí òun jẹ́ lórí lọ́rì ti dé. "N kì í jókòó sínú ẹ̀. Ilẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, okùn ẹ̀ ni mo máa ń dì mú, òun á lọ sókè lọ wọn afẹ́fẹ́ wá. Òun ló já. Mi ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, Màmá."

"O ò fò rí?"

"Mi ò fò rí."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Gbogbo èrò na ọrùn. Wọ́n ń wojú Ìyá Páílọ́ọ̀tì, wọ́n ń retí ibi tí ìtìjú yóò gbé e gbà. Màmá padà jókòó. Ó di ojú. Ó mí kanlẹ̀ débi pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Olúwa, o ṣeun," ó ní. "O ṣeun, o ṣeun. Ayọ̀, láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́ yẹn, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, n kì í sùn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà. Wọ́n á ní Ìyá Páílọ́ọ̀tì, mà á rẹ́rìn-ín, inú mi á máa gbọ̀n bí ewé. Mò ń fọ́nnu kí ẹ̀rù má baà rí mi. Ilẹ̀ lo wà láti ọjọ́ yìí?"

"Ilẹ̀ ni mo wà, Màmá."

"Ẹ gbọ́ o!" Ó kọjú sí ojú fèrèsé. "Ọmọ mi kì í ṣe páílọ́ọ̀tì! Ẹ bá mi dúpẹ́!"

Àwọn èèyàn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n kí i kú oríire tàbí kú ìrọ́jú. Kátíkíìsì ló yọ wọ́n. Ó ṣe àmín láti òdìkejì gọ́tà, ẹnìkan sì dá orin ọpẹ́, gbogbo wọn gbè é. Wúrà lọ gbé omi wá fún wọn. Àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ níta lórí ta ló kọ́kọ́ sá, olúkúlùkù ń lóun kọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí òjò fi ṣú. Afẹ́fẹ́ bá ọ̀nà wọlé, ó gbá páànù, ó gbé eruku, ó ń han lórí òrùlé bí ẹni ń jà. Ayọ̀kúnlé gbójú sókè bí ìṣe rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń yí po láàárín ilé. Nígbà tí ó padà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Màmá ti fi orí ti ògiri, ojú rẹ̀ pa dé. Ọmọ náà sáré gbé ọwọ́ sí i nímú. Kí ó tó mọ ohun tó ń wá, ìhanrun tó jáde lẹ́nu ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ariwo páànù.

Wúrà bọ́ sójú ilẹ̀kùn, ó na ìka sétè sí gbogbo àwọn tó ń jà níta.

"Ẹ dákun, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, Màmá sì ń sùn."